Transit wákàtí 11: ṣé kí n jókòó ni àbí kí n jáde?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ló kún àpótí lẹ́tà wa lọ́tẹ̀ yìí, ó wá dà bíi pé gbogbo Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló fẹ́ fò lọ lóṣù kan náà. Àwọn tí mo mú yìí jọra wọn, transit ni gbogbo wọn ń bèèrè, ìyẹn kí ọkọ̀ òfurufú já èèyàn sílẹ̀ nílùú onílùú kó wá jókòó de òmíì fún wákàtí mẹ́jọ, mẹ́wàá, nígbà míì ilẹ̀ á ṣú ilẹ̀ á tún mọ́. Mo ti jẹ ìyà transit rí, mo sì ti gbádùn ẹ̀ rí, torí náà ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Toronto bímọ, mo fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ. Wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi, Addis Ababa ni mo máa gbà, wọ́n ní màá dúró níbẹ̀ fún wákàtí 11. Mi ò rin irú ẹ̀ rí, Lagos gan-an tí mo bá dé ojú mi máa ń pòòyì. Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì ní wọ́n máa fún mi ní òtẹ́ẹ̀lì lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ mi ní irọ́ ni, pé kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ nídìí ọkọ̀ òfurufú. Ta ló ń pa irọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ìyá Ìbejì, Ọ̀bà-Ilé, Àkúrẹ́.*

Màmá, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á wo ọmọ náà, á dá ìyá ẹ̀ náà sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé Ọ̀bà-Ilé, tí ọkọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ ń gba orí òrùlé yín kọjá, ẹ tún ń sọ pé ojú yín ń pòòyì!

Ẹjọ́ Bàbá àti ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó pa irọ́ níbẹ̀. Ethiopian Airlines máa ń fún èèyàn ní òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì tó máa gbé e lọ gbé e bọ̀ tí transit ẹ̀ bá wà láàárín wákàtí 8 sí 24, àmọ́ ó ní bó ṣe jẹ́. Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni Lagos sí Addis àti Addis sí Toronto gbọ́dọ̀ wà, kó sì jẹ́ pé kò sí ọkọ̀ míì tó yá jùyẹn lọ tí wọn ì bá fi yín sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mú èyí tó pẹ́ torí owó ẹ̀ wálẹ̀, wọ́n lè ní ọwọ́ yín lẹ fi fà á, àga ẹ́pọ́ọ̀tù ló sì máa di bẹ́ẹ̀dì yín. Ṣé ẹ wá rí i pé kì í ṣe Addis lọ̀rọ̀ yìí wà, Àkúrẹ́ níbí ló wà. Ẹ pe ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn lónìí, kì í ṣe ọ̀la, ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà bóyá òtẹ́ẹ̀lì wà nínú ẹ̀, kó sì tẹ ìdáhùn wọn jáde sórí bébà fún yín. Bébà o, torí fóònù lè kú.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ, tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹrù yín lé òṣùwọ̀n ní Lagos, ẹ má tíì kúrò níbẹ̀. Wọ́n máa lẹ bébà gígùn kan mọ́ ọwọ́ àpótí yín, ẹ wo lẹ́tà mẹ́ta tó tóbi jù lára ẹ̀. YYZ ni Toronto. Tẹ́ ẹ bá rí YYZ, ó dáa, Toronto lẹ ti máa rí ẹrù yín. Tó bá jẹ́ ADD nìkan lẹ rí, ẹ pariwo níbẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe kí ẹrù tó wọlé lọ. Torí pé ẹ ò ní rí àpótí yẹn ní Addis, oògùn yín, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ìró kan àti bùbá kan, inú bàágì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Mo sì mọ̀ yín, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ máa fẹ́ fi àgbo ọmọ sínú bàágì ọwọ́ yẹn. Ẹ má ṣe é o. Omi tàbí ohun tó rọ̀ bí omi tí ìgò ẹ̀ bá ti ju 100 ml lọ, wọ́n máa gbà á níbi àyẹ̀wò, wọ́n á sì jù ú nù lójú yín, àgbo ni o, epo pupa ni o, omi mímu lásán ni o.

Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Addis, ẹ má kàn tẹ̀lé èrò, torí ọ̀pọ̀ wọn ń sáré lọ bá ọkọ̀ tiwọn ni. Ẹ wá ẹni tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, ẹ fi páspọ́ọ̀tù àti bọ́dìǹgì páàsì kejì hàn án, ẹ ní "hotel", ó máa yé e. Ìlà ibẹ̀ máa ń gùn, ẹ fara balẹ̀. Ẹ wọ súẹ́tà látinú ọkọ̀ wá o, torí ìlú yẹn ga ju mítà 2,300 lọ sókè, òtútù ibẹ̀ lálẹ́ kì í ṣe ti eré, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600 rí ẹ mọ bí mímí ṣe máa ń rí, tẹ́ ẹ bá gbé bàágì díẹ̀ tẹ́ ẹ wá rí i pé ẹ̀ ń mí gúlegúle, ẹ má rò pé àìsàn ni.

Ohun tó máa ń da àlejò láàmú jù níbẹ̀ ni aago. Àwọn ará Ethiopia máa ń ka wákàtí láti ìgbà tílẹ̀ bá mọ́, ohun tí àwa ń pè ní aago 7 àárọ̀, aago 1 làwọn ń pè é, aago 8 wa ni aago 2 wọn. Tí awakọ̀ òtẹ́ẹ̀lì bá ní òun á wá gbé yín ní aago 2, ẹ tún un bi dáadáa. Aago ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣá, bíi tiwa ló ń kà, àfi pé Addis fi wákàtí 2 ṣáájú Àkúrẹ́. Oṣù 13 ló tún wà nínú ọdún wọn, kàlẹ́ńdà wọn sì fi ọdún 7 tàbí 8 wà lẹ́yìn tiwa, torí náà Màmá, ẹ máa kéré sí i tẹ́ ẹ bá balẹ̀.

Oúnjẹ wọn ni injera, ó fẹ̀ bí àtẹ, ó rọ̀, ihò wẹ́wẹ́ wà lójú ẹ̀, ó kan díẹ̀ bí ògì ọjọ́ kẹta. Ọwọ́ lẹ máa fi ya á, ẹ máa fi kó ọbẹ̀. Doro wat ni kí ẹ béèrè, ọbẹ̀ adìyẹ tó ta dáadáa tí ẹyin bíbọ̀ wà nínú ẹ̀, ẹnu yín á gbà á. Tó bá jẹ́ Wẹ́sídeè tàbí Fúráìdeè, ọ̀pọ̀ wọn ń gbààwẹ̀, ẹran lè má sí. Àmọ́ kọfí wọn! Ìgbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá, obìnrin kan jókòó sórí àpótí kékeré, aṣọ funfun lọ́rùn ẹ̀, ó ń yan hóró kọfí tútù lórí iná èédú bí ẹni ń yan ẹ̀pà lójú ọ̀nà Arákalẹ̀, nígbà tó dúdú tán ó gbé páànù ẹ̀ yí gbogbo wa ká kí kálukú fi imú fa èéfín ẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá gún un, ó sè é nínú ìkòkò amọ̀ dúdú ọlọ́rùn gígùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú, ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní baraka, ìbùkún nìyẹn. Mo gba ìbùkún náà, mi ò sì rí oorun sùn títí mo fi dé ibi tí mò ń lọ.

Wọ́n máa sọ fún yín pé ẹ lọ wo egungun Lucy nínú mùsíọ́ọ̀mù ìjọba, ìyẹn egungun ẹ̀dá àtijọ́ kan tó jọ èèyàn, tí wọ́n wú jáde lọ́dún 1974, tó ti pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ọdún. Ó dáa lóòótọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìyá mi lẹ jẹ́, màá ní kẹ́ ẹ wẹ̀, kẹ́ ẹ jẹun, kẹ́ ẹ sùn. Toronto ṣì jìnnà, ọmọ tuntun ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún.

*Àǹtí, ẹ kú u déédé. Físà Jámánì mi ti jáde, Master's ni mo fẹ́ lọ ṣe, FUTA ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́. Istanbul ni mo máa gbà, láti aago 6 àárọ̀ di aago 8 alẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní wọ́n máa ń mú èèyàn rìn kiri ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú ẹ̀? Ọmọ South Gate, Àkúrẹ́.*

Àbúrò mi, o kú oríire. Òótọ́ ni ọ̀rẹ́ ẹ sọ, Touristanbul ni wọ́n ń pè é, Turkish Airlines ló ń ṣe é fún èrò tí transit wọn bá jẹ́ wákàtí 6 sí 24, bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ẹni tó máa ṣàlàyé ìlú fún yín náà ọ̀fẹ́. Àmọ́ físà ò sí lára ọ̀fẹ́ yẹn. Páspọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé gbọ́dọ̀ ní físà Turkey kó tó jáde lẹ́nu ọ̀nà ẹ́pọ́ọ̀tù, kódà tó bá jẹ́ fún wákàtí kan. Ibi tó ti lè ṣe ẹ́ lóore ni pé físà Jámánì wà lọ́wọ́ ẹ, torí pé Turkey máa ń jẹ́ kí àwọn kan tó ti ní físà Schengen (ìyẹn físà tí Jámánì àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò) tàbí ti Amẹ́ríkà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gba e-Visa lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ sójú òpó e-Visa ìjọba Turkey gan-an, fi Nàìjíríà síbẹ̀, ka ohun tí wọ́n bá kọ sí ẹ délẹ̀ kó o tó sanwó. Àwọn ayédèrú pọ̀ tí wọ́n máa gbowó ìlọ́po mẹ́ta. Ṣe é kó o tó kúrò ní Àkúrẹ́, má sọ pé tó o bá débẹ̀ o máa bẹ̀ wọ́n.

Tó o bá ti rí i gbà, tí páspọ́ọ̀tù ẹ bá ti kọjá lọ́wọ́ àwọn ìmígréṣọ̀n, tábìlì wọn wà nínú gbọ̀ngàn àwọn tó ń wọlé, lọ forúkọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ torí wákàtí kan pàtó ni bọ́ọ̀sì ń gbéra. Tó bá ti kún, ọkọ̀ ojú irin M11 tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 ń gbé èèyàn láti ẹ́pọ́ọ̀tù lọ sí Gayrettepe, o lè tibẹ̀ wọ òmíì lọ sí Sultanahmet. Ayasofya wà níbẹ̀, ọdún 537 ni wọ́n kọ́ ọ parí, ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó di mọ́ṣáláṣí, ó di mùsíọ́ọ̀mù, ó tún di mọ́ṣáláṣí lọ́dún 2020, mọ́ṣáláṣí Sultan Ahmed sì kọjú sí i, ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn láàárín wọn. Ẹ́pọ́ọ̀tù yẹn jìn sáàárín ìlú tó nǹkan bíi kìlómítà 40, sún kẹrẹ fà kẹrẹ ibẹ̀ sì lè mú kó o rántí Lagos, torí náà tó bá ti di aago 3 ọ̀sán, máa bọ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé o fẹ́ ya fọ́tò kan sí i.

Bí físà ò bá jáde, o ò kú. Wáì-fáì ọ̀fẹ́ ibẹ̀ kì í ju wákàtí 1 lọ, o máa fi páspọ́ọ̀tù ẹ há ẹ̀rọ kan lẹ́nu kó tó fún ẹ ní kóòdù, torí náà wa gbogbo ohun tó o fẹ́ wò sílẹ̀ láti ilé. Power bank ẹ, inú bàágì ọwọ́ ni kó wà, wọn kì í gbà á nínú ẹrù ìsàlẹ̀ ọkọ̀ rárá, má sì jẹ́ kó ju 100 Wh lọ, ìyẹn nǹkan bíi 27,000 mAh lára àwọn tí wọ́n ń tà kiri.

*Ẹ̀gbọ́n, oníṣòwò aṣọ ni mí, Guangzhou ni mò ń lọ. Mo rí Lagos sí Dubai lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, mo tún rí Dubai sí Guangzhou lọ́wọ́ òmíì, tí mo bá pa méjèèjì pọ̀ owó ẹ̀ dín gan-an. Wákàtí 9 ló wà láàárín wọn, ṣebí mo lè fi ra wúrà díẹ̀? Oníṣòwò, Yaba, Oǹdó.*

Ẹ má ra wúrà kankan. Ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an.

Èmi alára ṣe é rí, owó tí mo fẹ́ ṣọ́ ò ju kí n ra àpò ìrẹsì méjì lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ilé iṣẹ́ méjì tí wọn ò mọ ara wọn rí, ìlú tí mo ti fẹ́ pààrọ̀ ọkọ̀ mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ẹni tó wà lórí káńtà ní Lagos ò wo ìwé mi dáadáa, ó jẹ́ kí n lọ. Mo débẹ̀ tán, wọ́n ní ẹrù mi ò ní tẹ̀ lé mi lọ, pé kí n wọ ìlú, kí n gbé e, kí n tún lọ fà á fún ilé iṣẹ́ kejì. Kí n tó wọ ìlú ńkọ́? Físà. Mi ò ní. Láti òkè tí mo dúró sí, mò ń wo ìsàlẹ̀ gba inú dígí, mo rí bàágì pupa mi tí mo so àǹkárá mọ́ lọ́wọ́ kí n lè dá a mọ̀, ó ń yí lọ ó ń yí bọ̀ lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù yípo, àwọn èèyàn kó tiwọn kó tiwọn títí ó fi ku òun nìkan. Fóònù mi ku 2%. Ará Uganda kan tó ń nulẹ̀ níbẹ̀ ló yọ ṣájà ẹ̀ láti inú àpò épírọ́ọ̀nù fún mi, kò tiẹ̀ bi mí léèrè nǹkan kan. Kí wọ́n tó rí ẹni tó bá mi gbé ẹrù yẹn wọlé, ọkọ̀ kejì ti gbéra. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní àwọn ti gbé mi dé ibi tí wọ́n bá mi ṣe àdéhùn. Ìkejì ní mo pẹ́. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́, èmi ni mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tuntun.

Torí náà tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì méjì, ní ojú àwọn tó wà ní Lagos, Dubai ni ẹ ń lọ, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ mú físà Dubai wá kẹ́ ẹ tó wọkọ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá ní físà yẹn lọ́wọ́ lóòótọ́, tẹ́ ẹ wá pinnu láti sùn mọ́jú níbẹ̀, ẹ sọ fún ẹ́jẹ́ǹtì yín kó kó gbogbo ẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Ọjà tẹ́ ẹ máa ra ní Guangzhou lẹ ti máa rí èrè, ẹ má wá a nídìí tíkẹ́ẹ̀tì.

*Àǹtí, Frankfurt ni mo fẹ́ gbà lọ sí Brazil, mi ò ní jáde kúrò nínú ẹ́pọ́ọ̀tù. Ṣé mo tún nílò físà? Alágbàká.*

Bẹ́ẹ̀ ni. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Schengen ń béèrè físà transit lọ́wọ́ wọn, kódà kí ẹ má yẹsẹ̀ kúrò lórí àga, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti ní físà Schengen, Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Japan tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Amẹ́ríkà ní tiwọn burú jù, wọn ò tiẹ̀ ní ibì kan nínú ẹ́pọ́ọ̀tù tí ẹni tí ò ní físà lè jókòó sí.

*Ẹ̀gbọ́n, ìlú wo wá ni a lè jáde sí láì bẹ ẹnikẹ́ni? Ìjàpọ̀.*

Lomé, Accra, Abidjan, Dakar, gbogbo ibẹ̀ ECOWAS ni, ọjọ́ 90 lẹ lè lò láìsí físà, ẹ sáà mú káàdì yẹ́lò fífà dání. Lomé ni mo fẹ́ràn jù fún transit, ẹ́pọ́ọ̀tù ẹ̀ wà nínú ìlú, ẹ lè dé ọjà ńlá wọn kẹ́ ẹ sì padà láì sáré, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá nínú ọjà yẹn tó máa yà yín lẹ́nu. Kigali náà ò béèrè físà lọ́wọ́ wa, àmọ́ ẹ gbọ́ o, láti ọdún 2008 ni wọ́n ti fòfin de báàgì náílọ̀n níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi náílọ̀n méjì wé ẹja gbígbẹ, wọ́n máa tú u sílẹ̀ fún yín ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ẹ wá àpò aṣọ. Tẹ́ ẹ bá ní wákàtí mẹ́fà níbẹ̀, ẹ lọ sí Gisozi níbi tí wọ́n sin ohun tó lé ní 250,000 èèyàn sí lára àwọn tí wọ́n pa nínú ìpakúpa Rwanda lọ́dún 1994. Ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ má fi ọmọdé dání.

*Nọ́ọ̀sì ni mí, Australia ni mò ń lọ, Doha ni transit mi, wákàtí 9 lóru. Ṣé mo lè sùn nílẹ̀? Ẹ̀rù olè ń bà mí. Ọmọ Ẹ̀kìmọ̀gún, Oǹdó.*

O lè sùn dáadáa, àbúrò, àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ńláńlá ti mọ̀ pé èèyàn máa ń sùn. Má jáde, físà Qatar ò sí lọ́wọ́ ẹ, inú ẹ́pọ́ọ̀tù ọ̀hún gan-an sì dùn ún wò. Béà aláwọ̀ yẹ́lò ńlá kan wà láàárín ẹ̀ tó ga tó mítà 7, tí lámpù wọ̀ ọ́ lórí, tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ pàdé, abẹ́ ẹ̀ lẹ máa pàdé. Ọgbà igi kan náà wà nínú ilé níbẹ̀, Orchard, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, àga wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ ò sì gbẹ imú èèyàn bíi tàwọn ibi yòókù. Tó o bá fẹ́ sùn gidi, béèrè "quiet room" ti àwọn obìnrin, àga tí wọ́n fi ń nà gbalaja ló wà nínú ẹ̀, iná ò pọ̀. Ó máa ń tètè kún tó bá ti di ọ̀gànjọ́, torí náà kọ́kọ́ lọ gbà á kó o tó lọ máa ya fọ́tò pẹ̀lú béà. Mú gèlè tàbí ìborùn tó nípọn, ẹ́sì wọn tutù bí ọjọ́ ọyẹ́. Páspọ́ọ̀tù àti owó, wọ inú àpò tó wà lábẹ́ aṣọ, bàágì ọwọ́, yí okùn ẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó bá fà á á jí ẹ. Kó o tó dijú, wo aago tó wà lára pátákó, má wo ti fóònù ẹ, Doha fi wákàtí 2 ṣáájú wa, fóònù tí ò bá tíì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì lè máa ka ti Oǹdó. Gbé álàmù méjì, èkejì kó jẹ́ wákàtí méjì ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra, kó o lè fọ ojú, kó o sì rìn dé géètì, torí ìrìn ibẹ̀ gùn, bàtà pẹlẹbẹ ni kó o wọ̀.